Ewé Ìsàlẹ̀ Níí Bọ́ Tòkè

Òkè-Òyì, lẹ́bàá Ìlọrin,
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹwàá, ọdún 1976.

Èmi Olúdáre, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, olùkọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Òkè-Òyì, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Bàbá Sàlíhù ọmọ Yáhàyá ni wọ́n ń sọ̀rọ̀. Wọn kò mọ̀wé kọ, ṣùgbọ́n wọ́n kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ kan kún un, n kò sì gbọdọ̀ yọ ọ̀kan kúrò, nítorí wọ́n ní ẹni tó bá wọn kọ ti ọdún tó kọjá gé adùn rẹ̀ dànù. Ìdí tí wọ́n fi ránṣẹ́ pè mí ni pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ oko odò ti parí lánàá, wọ́n sì fẹ́ kí Hadiza, ọmọ wọn tó wà ní Ìbàdàn, gbọ́ ọ láti ẹnu bàbá rẹ̀ kí ó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Bí gbólóhùn kan bá gùn jù, èémí Bàbá ló gùn, kì í ṣe kálàmù mi.

Hadiza, Àbẹ̀kẹ́ mi, sàláámù àléékùn. Ṣé dáadáa lo jí, ṣé ara le, ṣé àwọn ọ̀gá tó ń kọ́ ọ ní iṣẹ́ oko wà láàyè pẹ̀lú ọkọ́ wọn? Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí a fi ẹkún kí ara wa. Ibi tí o bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ní gbogbo Ìbàdàn, àlùbáríkà ni yóò hù níbẹ̀ bí ẹ̀bù iṣu tó rí òjò àkọ́rọ̀. Ìyá rẹ ń kí ọ, ó ní kí o yé jẹ búrẹ́dì láàárọ̀, pé inú búrẹ́dì ṣófo, afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń dì í. Ewúrẹ́ funfun rẹ ti bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn sì jọ Láwàl ní iwájú orí.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ni mo torí ẹ̀ pe olùkọ́. O mọ oko odò, èyí tí bàbá mi Yáhàyá ṣán nígbà tó ṣì jẹ́ igbó kìjikìji, tí ó sì fà lé mi lọ́wọ́ kí ó tó kú. O mọ̀ pé kò ṣe dáadáa mọ́ láti ọdún mélòó kan. Àgbàdo ibẹ̀ a hù, a wá dúró bí àlejò tí wọn kò fún ní ìjókòó, etí ewé rẹ̀ a gbẹ bí ẹni pé wọ́n fi iná jó o, bí a bá sì bó ọmọ rẹ̀, a dàbí ẹnu arúgbó, eyín níhìn-ín, àlàfo lọ́hùn-ún. Nígbà tí àwọn tí ń ṣe ọ̀nà títì dé, tí wọ́n ń wá ilẹ̀ pupa tí wọn yóò wà, Láwàl ọmọ àbúrò bàbá mi, tí ń ta páànù ní Gàmbàrí ní Ìlọrin, ló mú wọn wá sí oko odò. Ó sọ fún Mọ́gàjí, olórí ìdílé wa, pé ilẹ̀ náà ti kú, pé òkú ilẹ̀ kì í jí, kí ìdílé jẹ́ kí katapílà wá kó o lọ. Mo ní bí ilẹ̀ bá kú, ṣé katapílà ni lẹ́mọ́mù tí yóò kírun sí i lára? Mọ́gàjí wò mí, wọ́n wo Láwàl, wọ́n ní àwọn fún mi ní òjò ọdún yìí nìkan. Wọ́n ní tí a bá ti túnu ààwẹ̀, gbogbo ìdílé yóò fi ẹsẹ̀ wọn rìn dé ibẹ̀. Bí àgbàdo bá ṣe dáadáa, katapílà kò ní í wọ ibẹ̀ láéláé. Bí kò bá ṣe dáadáa, kí n fi ọkọ́ mi kọ́ èjìká, kí n yà fún un.

Ibẹ̀ ni Láwàl ti sọ èyí tó dùn mí jù. Ó ní Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ pé oko lẹ mọ̀, kí ló wá dé tí ẹ fi rán ọmọbìnrin lọ sí ilé ìwé lọ kọ́ oko? Ó ní ẹni tó ní oko tó ń sanwó kí ọmọ lọ kọ́ oko, ó dàbí ẹni tó kọ́lé sétí odò tó tún ń ra omi mu. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Mọ́gàjí pàápàá fi ọwọ́ bo ẹnu. N kò bá wọn rín in. Mo ká ẹ̀rín náà, mo fi í sábẹ́ fìlà, mo ní yóò lọ́jọ́ tí a óò tú u.

Ìgbà náà ni mo ní kí wọ́n kọ̀wé sí ọ. O dáhùn pé kí n bu erùpẹ̀ oko náà sínú ọ̀rá, kí n fi rán awakọ̀ wá, pé ẹ ní ilé kan níbẹ̀ tí wọ́n ti ń yẹ erùpẹ̀ wò bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò ní ọsibítù. Hadiza, mo jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí. Mo rò ó pé àwọn ọ̀gá rẹ yóò pé jọ, wọn yóò tú ọ̀rá, wọn yóò ní erùpẹ̀ ilé bàbá Hadiza nìyí. Èmi kò sì lè mú erùpẹ̀ tó rù, tó funfun bí ẹsẹ̀ tí kò rí ìpara, kí n fi ránṣẹ́ sí ìlú ńlá kí ó lọ ti ọmọ mi lójú. Ènìyàn tó ń rán ọmọ lọ sí òde, ṣé kì í kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́ ni? Nítorí náà mo lọ sórí àkìtàn ẹ̀yìnkùlé wa, níbi tí ìbẹ́pẹ ti ń so láìsí ẹni tó gbìn ín, mo bu erùpẹ̀ dúdú tó ń dán, mo fi asẹ́ ìyá rẹ sẹ́ ẹ, mo ṣe bísímílà sí i, mo dì í.

Èsì dé lẹ́yìn tí mo ti gbin àgbàdo. O ní ẹnu ya àwọn ọ̀gá rẹ, pé oúnjẹ tí irúgbìn ń jẹ kún inú erùpẹ̀ náà, pàápàá èyí tí ẹ ń pè ní pọ́táṣíọ̀mù, pé ó pọ̀ bí ẹni pé wọ́n dà á sí i. Mo wọ agbádá, mo gbé ìwé náà lọ bá Mọ́gàjí. Láwàl wà níbẹ̀, ó ní bí ilẹ̀ bá ní oúnjẹ tó báyìí tí àgbàdo sì ń gbẹ lórí rẹ̀, a jẹ́ pé ahun ni ilẹ̀ náà. Mo ní ilẹ̀ náà kì í yára fún ẹni tí kò mọ bí a ti ń tọrọ ní nǹkan. Mo jáde pẹ̀lú iyì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé oko, etí ewé tún ti ń jó.

Mo tún kọ̀wé sí ọ. O ní kí n wo èwo ló kọ́kọ́ ń gbẹ, ṣé ewé òkè ni àbí ti ìsàlẹ̀. Mo lọ wò ó, ti ìsàlẹ̀ ni, láti etí ló ti ń jó, àárín rẹ̀ ṣì tutù. O wá kọ ọ́ pé pọ́táṣíọ̀mù ni kò tó o. O ní nígbà tí kò bá tó nínú ilẹ̀, ewé àgbà níí tú èyí tó wà lára rẹ̀ sílẹ̀, tí í gbé e gòkè fún ewé ọmọdé, tí òun fúnra rẹ̀ a máa gbẹ láti etí, tí ti òkè a sì máa dán. Olùkọ́ kà á fún mi, mo ní kí ó tún un kà. Ó bi mí bóyá kò yé mi ni. Mo ní ó yé mi, kí ó ṣáà tún un kà.

Nínú ìwé kan náà lo ti bi mí pé, Bàbá, ṣé láti inú oko odò gan-an ni ẹ ti bu erùpẹ̀ yẹn? N kò dá ọ lóhùn nígbà náà torí iṣẹ́ pọ̀. Mo ń dá ọ lóhùn báyìí, orí àkìtàn ni mo ti bù ú, kí o má sì pè é ní irọ́. Kí ló wà lórí àkìtàn? Eérú ni. Níbo ni eérú ti wá? Lára igi àti pòròpórò tí à ń rù láti oko odò wá sílé dáná láti ayé bàbá mi. Ọdọọdún ni à ń ru pọ́táṣíọ̀mù kúrò lóko láìmọ̀, tí à ń dà á sẹ́yìn ilé. A jẹ́ pé erùpẹ̀ oko odò náà ni mo fi ránṣẹ́, ibi tó kó lọ ni mo lọ bá a. Bí o bá pàdé ará Òkè-Òyì ní ọjà Ìbàdàn, ṣé o lè ní kì í ṣe ará Òkè-Òyì? Sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọ̀gá rẹ, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìwọ náà ló sọ pé eérú ni kí n dá padà sóko. O ní eérú gbígbẹ, tí omi kò tíì kàn, kí n wọ́n ọn káàkiri, kí ó jìnnà sí ìdí àgbàdo díẹ̀, kí n fi ọkọ́ pò ó mọ́ ilẹ̀, kí òjò wá mú un wọlé, nítorí gbòǹgbò kò ní eyín, mímu ló ń mu oúnjẹ rẹ̀. Èmi gbọ́ ti eérú, mo ní gbogbo eérú, eérú ni. O sì mọ̀ pé gbogbo eérú Òkè-Òyì, ti Àríkẹ́ ọlọ́ṣẹ ni. Láti ayé ìyá rẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń kó eérú ààrò fún un, tí òun ń fún wọn ní ọṣẹ dúdú. Mo lọ bá a, ó nawọ́ sí òkìtì ńlá kan lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó ní kí n kó o, ọ̀fẹ́ ni. Inú mi dùn. Mo kó o títí, mo wọ́n ọn sí àwọn ebè tó wà lápá ọ̀nà. Òjò rọ̀. Mo wo àgbàdo, àgbàdo wò mí. Jíjó náà ń gòkè lọ ní tirẹ̀.

Mo padà lọ bá Àríkẹ́, mo ní eérú rẹ̀ ń ṣọ̀lẹ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìró rẹ̀ mú. Ó ní Bàbá Hadiza, inú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu bí asẹ́ ni mo ń kó eérú sí, n ó da omi sí i lórí, omi tó bá ro sílẹ̀ ni mo fi ń se ọṣẹ pẹ̀lú adín. Èyí tó wà lẹ́yìn ilé ni ìpàǹtí rẹ̀. Ẹni tó mu omi ọbẹ̀ tán, tó wá gbé egungun fún àlejò, ṣé àlejò yóò yó? Ó ní ohun tí ẹ ń wá nínú eérú yẹn, àwọn ọmọ Òkè-Òyì ti fi wẹ̀. Mo dúró níbẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ là mí lójú. Omi tó fà á jáde nínú ìkòkò Àríkẹ́, omi náà ni yóò fà á wọ gbòǹgbò àgbàdo mi, èyí tí omi ti fà tán kò sì ní nǹkan kan láti fún ẹnikẹ́ni. O ti sọ ọ́. N kò sọ pé o kò sọ ọ́.

Eérú gbígbẹ ló wá kù, Àríkẹ́ ló sì ni ín. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí ni àwọn obìnrin yóò fi wẹ ọmọ? Mo ní kí ó fi eérú òjò yìí jì mí, pé mo ní ọmọ ní Ìbàdàn, ọmọ mi yóò fi ọṣẹ ránṣẹ́ sí gbogbo abúlé. N kò bi ọ́ léèrè kí n tó sọ ọ́, torí mo mọ irú ọmọ tí mo bí. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti kírun Àsùbáà tán, mo di alágbe eérú. Mo ń lọ láti ààrò dé ààrò pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí, irùngbọ̀n mi funfun, ojú mi funfun. Láwàl fi ọkọ̀ rẹ̀ kọjá lọ́jọ́ kan, ó yọ orí síta, ó ní Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọ̀fọ̀, ta ló kú? Mo ní ìyà ló kú, kí ó lọ bá mi sọ fún àwọn ará ìlú. Mo wọ́n eérú sí gbogbo oko, àfi àwọn ebè apá ọ̀nà wọ̀nyẹn tí mo ti fún ní ìpàǹtí. N kò padà sọ́dọ̀ wọn. Àwọn tó ń kọjá ti rí mi níbẹ̀, n kò sì fẹ́ kí wọ́n ní Sàlíhù ń ṣe iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ewé tó ti jó kò tutù padà, ṣùgbọ́n jíjó náà dúró níbi tó dé. Àwọn tuntun yọ, wọ́n fẹ̀, wọ́n ń dán bí awọ tí wọ́n fi òrí pa. Ìgbà yẹn ni ìwé rẹ mìíràn dé, tí o ní ewé ní àwọn ẹnu wẹ́wẹ́ lábẹ́ ikùn rẹ̀, pé pọ́táṣíọ̀mù níí ṣí wọn láàárọ̀, òun náà níí pa wọ́n dé nígbà tí oòrùn bá ń pa ènìyàn, kí omi ara wọn má baà tán. O ní ẹ ní dígí kan tó ń sọ ewé di títóbi bí ẹní, ẹ fi rí wọn. Bí ẹ bá lè sọ ewé di bí ẹní, kí ló dé tí ẹ kò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí a gbìn ín? Mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ àgbàdo, mo yá awò ojú olùkọ́, n kò rí ẹnu kankan, ṣùgbọ́n mo gbà, torí ìwọ lo sọ ọ́. Ó sì bọ́ sínú ààwẹ̀. Mo rò ó pé bí ẹnu wọn bá pa dé lọ́sàn-án gangan, ààwẹ̀ ni àwọn náà ń gbà. Mo lọ bi Ààfáà wa bóyá ààwẹ̀ wọn pé. Ó ní òun kò tíì ka ibi tí wọ́n ti dárúkọ àgbàdo. Síbẹ̀ n kò jẹ́ kí àwọn ọmọdé jẹ ẹ̀pà nínú oko náà kí oòrùn tó wọ̀. Ọ̀wọ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ tí ààwẹ̀ yóò parí ni ìjì jà. Ìjì náà ká páànù mọ́ṣáláṣí bí ẹni ká ẹní. Láàárọ̀, gbogbo àgbàdo àwọn ará ìtòsí ti forí kanlẹ̀, mo sì ń rìn lọ sí oko odò. Mo kọ́kọ́ bá àwọn ebè apá ọ̀nà, wọ́n ti sùn lọ bẹẹrẹ. Mo ní ó parí, katapílà ti jẹ ẹ́. Mo tún gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Hadiza, wọ́n dúró. Láti ibi tí eérú gbígbẹ ti bẹ̀rẹ̀ títí dé etí omi, wọ́n dúró ṣánṣán bí ẹni tó wà lórí ìrun. Mo fi ọwọ́ ti ọ̀kan, ó tì mí padà.

Àná ni ìdílé wá. Mọ́gàjí dúró síbi ààlà náà, wọ́n wo apá tó sùn, wọ́n wo apá tó dúró, wọ́n ní ṣé òjò méjì ló rọ̀ sí oko kan ni? Mo wá ṣàlàyé. Mo sọ ti eérú tí omi ti fà tán àti èyí tó gbẹ, mo sọ ti gbòǹgbò tí kò ní eyín, mo sọ bí pọ́táṣíọ̀mù ṣe ń mú ara àgbàdo le kí ìjì má lè ṣẹ́ ẹ, mo sọ ti ẹnu tó wà lábẹ́ ewé. Mọ́gàjí ní ta ló kọ́ mi. Mo ní ọmọ mi obìnrin ni, èyí tó lọ kọ́ oko. Mo wá bó ọmọ àgbàdo kan, mo nà án sí Láwàl. Hóró rẹ̀ kún láti ìdí dé ṣóńṣó, kò sí àlàfo tí kòkòrò lè gbà kọjá. Ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn. Mọ́gàjí ní kí àwọn oníkatapílà wá ilẹ̀ òkú lọ síbòmíràn, èyí ń mí. Wọ́n ní láti òní lọ, oko Hadiza ni kí a máa pe ibẹ̀.

Gbọ́ èyí tó kẹ́yìn. Láwàl sún mọ́ mi nígbà tí àwọn yòókù ń lọ, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ṣé ilé ìwé yẹn ṣì ń gba ọmọbìnrin, pé Binta ọmọ òun fẹ́ràn ìwé. Mo wá tú ẹ̀rín abẹ́ fìlà mi, mo rín in tẹ́rùn. Ẹni tó ní mo kọ́lé sétí odò tí mo ń ra omi ti gbé igbá wá. Ó jókòó níhìn-ín bí mo ti ń sọ ọ́ yìí, ó ń retí èsì rẹ, kí o tètè kọ ọ́ wá.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Kì í ṣe fún èmi. Òkè-Òyì kò ní ọṣẹ dúdú láti ìgbà tí mo ti ń kó eérú, àwọn obìnrin ń wò mí bí ẹni tó jí ọmọ wọn, Àríkẹ́ sì ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa lójoojúmọ́ ó ń húkọ́. Fi owó ọṣẹ ránṣẹ́, tàbí kí o fi ọṣẹ gan-an ránṣẹ́, èyí tó ń hó púpọ̀, kí wọ́n mọ̀ pé Ìbàdàn ló ti wá. Bí ó bá ṣẹ́ kù, kí ó jẹ́ ti bàtà mi, eérú ti jẹ ẹ́.

Ohun tí n kò sọ fún olùkọ́ lọ́jọ́ tí mo ní kí ó tún ìwé rẹ kà nìyí. Àwọn ènìyàn ń sọ pé mo ti gbẹ, pé ara mi ti ń jó láti etí. Òótọ́ ni. Mo ta màlúù, mo ta kẹ̀kẹ́, ojú mi kò ríran jìnnà mọ́. Nígbà tí o bá wálé tí o bá rí mi, má ṣe káàánú mi, má sì sunkún. Ìwọ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo àgbàdo. Tí ewé ìsàlẹ̀ bá ń gbẹ, òkè ni kí o gbójú sí, kí o wo ibi tí oúnjẹ náà lọ. Ó ń dán. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí o dàgbà kí ìwọ náà ní ẹni tí wàá bọ́. Ìjì kò ní í rí ọ gbé ṣánlẹ̀. Àmín, àmín.

Ibí ni ọ̀rọ̀ Bàbá dúró sí. Mo gbé íńkì fún wọn láti tẹ̀ka, wọ́n kọ̀ ọ́. Wọ́n ní kí ìyá Hadiza bu eérú gbígbẹ wá láti inú ààrò, wọ́n fi omi díẹ̀ pò ó, wọ́n sì fi àtàńpàkò ọ̀tún tẹ̀ ẹ́ síbí.

Àmì ọwọ́ Bàbá Sàlíhù ọmọ Yáhàyá.

Ẹlẹ́rìí kìíní: Láwàl, oníṣòwò páànù, Gàmbàrí. Ó buwọ́ lù ú fúnra rẹ̀, ó ní kí n kọ ọ́ pé òun kò jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ iwájú orí ewúrẹ́.

Ẹlẹ́rìí kejì: Àríkẹ́ ọlọ́ṣẹ, Òkè-Òyì. Ó tẹ̀ka nínú eérú kan náà, ó ní òun ń retí ọṣẹ.